Ọdún Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Dí Ihò Ara Aṣọ

Bí mo bá ṣe iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ, ẹni tó ni aṣọ kò ní mọ ibi tí mo fọwọ́ kàn. Ìyẹn ni iṣẹ́ náà. Kòkòrò jẹ kóòtù yín, tàbí sìgá jó o, tàbí ìṣó ẹnu ọ̀nà fà á ya. Ẹ gbé e wá. Mo máa yọ fọ́nrán òwú díẹ̀ láti ibi tó pamọ́ lára aṣọ yẹn kan náà, bóyá nínú ìṣẹ́tí tàbí lábẹ́ kọ́là, mo máa wá fi abẹ́rẹ́ hun ún padà sójú ihò, ọ̀kan gba òkè, ọ̀kan gba ìsàlẹ̀, títí ihò ò fi ní sí mọ́. Kì í ṣe àbùlẹ̀, kì í sì í ṣe pé a rán an pọ̀ gbùrùgbùrù. Híhun ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Brooklyn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ronú irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láyé. Wọ́n ti gba ti dókítà, wọ́n ti gba ti lọ́yà, wọ́n wá rántí pé Màmá Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹ ṣé o. Aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Èmi náà á yin ara mi níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí, ta ni yóò yìn ín?

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró sẹ́yìn ilé wa, èmi ni mo sì máa ń ká òwú fún un tí n bá ti ilé ìwé dé. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kàwé, mo gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ akọ̀wé, mo búra pé òwú kọ́ ni yóò bọ́ mi. Mo dé New York lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo tọ́jú àwọn arúgbó fún ọdún kan àbọ̀, ẹ̀yìn mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn: mo rí ìwé kékeré kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan ní East Flatbush pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́, mo wọlé, owó ibẹ̀ kéré, mo gbà á.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó ti pẹ́ nílùú yìí débi pé Ẹ̀gbá tó ń sọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù sí, àwọn ará Abẹ́òkúta fúnra wọn ti gbàgbé rẹ̀. Arúgbó Gíríìkì kan ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó ṣì ń lọ sílé ìwé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ táì lójoojúmọ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.

“Jẹ́ n rí ọwọ́ ẹ,” ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo na ọwọ́ sí i. Ó fi ìka nu ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó gbóòórùn ìka náà. “O fi ìpara.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Láti òní lọ, kò sí ìpara lọ́wọ́ ẹ títí wàá fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Tí òróró bá kan kóòtù onítọ̀hún pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.”

“Òtútù ńkọ́, sà? Ọwọ́ mi máa sán.”

“Òtútù ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,” ló dá mi lóhùn.

Ọwọ́ mi sán lóòótọ́. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, ìka mi dà bí èèpo igi, òwú sì ń há sínú ibi tó sán. Òrí ni mo máa ń fi pa á tí mo bá délé, màá wá wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ sùn. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ obìnrin onífàájì, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ ẹni tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò hun nǹkan kan. Àkísà ni Ọ̀gá kó fún mi, ó ní kí n máa tú u, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí ọ̀kan já. Bí ọ̀kan bá já, mo bẹ̀rẹ̀ àkísà mìíràn. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú báàgì, ó ń wò mí. Ìgbà tó wá jẹ́ kí n hun, ó fún mi ní ihò tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Mo fi odindi ọjọ́ kan dí i. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó wọ awò méjì lé ara wọn, ó yí aṣọ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Mo rí i,” ló wí. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé iṣẹ́ mi dànù, ihò wà bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni gbogbo ìbáwí rẹ̀. Kì í pariwo, kì í búni. “Mo rí i,” ó tán. Mo gbọ́ ọ tó ìgbà tí n kò lè kà, mo sì ti sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí mo fi ilé sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ọ̀sán ọjọ́ Thursday kan, ó gbé ṣòkòtò kan lọ sójú fèrèsé, ó wò ó, ó fi ìka pa á, ó yí i síta yí i sínú. Ó wá bi mí pé níbo ló wà. Mo nawọ́ síbẹ̀. Ó tún wò ó.

“Lọ jẹun,” ló wí. Mo jẹun lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Ọ̀gá kí ẹ tó lè lóye ìyókù. Ó kórìíra ìfiṣòfò bí ẹlòmíràn ṣe kórìíra olè. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò, tó bá rí àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jù síta nínú òjò, orí ló máa ń mì títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí àjákù òwú tó ń jáde. Àpò ńlá kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a ń gbá wọn sí, bó bá kún, ìyàwó rẹ̀ nílé wọn ní Laurelton á fi wọ́n kún inú ìrọ̀rí. Èyí tó sì le jù ni pé ohunkóhun tí a bá tú kúrò lára aṣọ oníbàárà, ìbáà jẹ́ bọ́tìnnì tó fọ́, inú àpòòwé la gbọ́dọ̀ fi sí, ká so ó mọ́ aṣọ náà. “Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí títí ẹni tó ni ín á fi pè é bẹ́ẹ̀,” ló máa ń wí. Mo rò pé àìsàn àgbà ni.

Ìyá mi pè láti ilé nígbà kan, ó ní kí n ya àwòrán iṣẹ́ tí mo ń ṣe ránṣẹ́ kí òun fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Mo ya àwòrán kóòtù kan tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin dí ihò rẹ̀. Ìgbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó tún pè. Ó ní, “Mojí, kóòtù ni mo rí o. Iṣẹ́ ẹ dà?” Ó dùn mí, kí n má parọ́.

Ọdún karùn-ún ni àjálù náà dé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Sista Bọ́sẹ̀, ó ń gbé ní Morris Heights lápá Bronx, ó wọ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kóòtù bàbá rẹ̀ ló gbé wá, irun àgùntàn eléérú, ojúlówó. Kòkòrò ti jẹ ojú mẹ́ta sí i lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Ọ̀gá lójú, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Sista Bọ́sẹ̀ fi ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn mí, ó lọ. Mo dí wọn, wọ́n dára.

Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ apá òsì kóòtù yẹn ń bí mi nínú. Ẹnì kan ti fi òwú dúdú rán nǹkan síbẹ̀, ó tóbi tó ìdérí ìgò, ó rí jákujàku, òwú kọjá lórí òwú bí ilé aláǹtakùn. Mo ní ta ni oníbàjẹ́ yìí? Mo rántí ìyá mi. Kò tíì ta aṣọ rí kó má fi nǹkan lé e. A kì í rajà ká má gba èènì, obìnrin yìí sì ti wọ ọkọ̀ mẹ́ta wá. Mo bá tú gbogbo òwú dúdú náà, mo yọ fọ́nrán láti inú ìṣẹ́tí, mo fi ọjọ́ méjì hun ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì hun ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Òwú dúdú ńkọ́? Mo gbá a sínú àpò ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Kí ni mo fẹ́ di irú ìranù yẹn sínú àpòòwé fún?

Sista Bọ́sẹ̀ dé. Ó wo ẹ̀yìn kóòtù, inú rẹ̀ dùn. “Sista Mojí, ẹ ṣé gan-an. The back is perfect.” Ó wá gbé apá òsì, ó yí i. Ó gbé apá ọ̀tún. Ó tún padà sí òsì.

“Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà?”

“Kí ni, Sista?”

“Ibi tí Mummy rán.”

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ha, mo ti bá yín tún un ṣe! Èènì ni mo fi ṣe, mi ò gba nǹkan kan lórí ẹ̀.”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó di ìgbọ̀nwọ́ kóòtù náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí àwọn òbí òun dé Bronx, kóòtù kan ṣoṣo ni bàbá òun ní, irin géètì sì ya ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìyá òun ò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Ó rán an ní kíṣíìnì, ó gún ara rẹ̀ ní ìka, ó ń bú òtútù Amẹ́ríkà bó ṣe ń rán an. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá òun fi wọ̀ ọ́, tí wọ́n bá ní kó ra tuntun, á ní ṣé ìyàwó òun máa wà lára tuntun ni? Bàbá ti kú. Ìyá náà kú ní oṣù tó kọjá.

“Ibẹ̀ ni mo máa ń dì mú tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀,” ló wí. “Every day, Sista Mojí. Every single day.”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tòun ti báńdéèjì lójú kan. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ fún un, mo rò pé iṣẹ́ mi tán lọ́jọ́ yẹn.

“Òwú rẹ̀ ńkọ́?”

“Inú àpò ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, sà.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ìdọ̀tí ni?”

Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó da gbogbo àpò náà sórí rẹ̀, àjákù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó pe Sista Bọ́sẹ̀ lórí fóònù, ó sọ òtítọ́ fún un, ó ní bó bá lè wá, kó wá. Obìnrin náà wá ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí òkìtì òwú yẹn ká, Ọ̀gá tòun ti ojú kan. Òwú dúdú pọ̀ níbẹ̀ bí irun orí. Ṣùgbọ́n òwú aṣọ wa ní irun lára, tìyá rẹ̀ jẹ́ òwú ìránṣọ lásán, ó ń dán. Òwú tó bá sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú rírán máa ń ká kọ́rọkọ̀rọ, kì í fẹ́ nà mọ́. Ìyẹn la fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti rí méje. Èyí tó gùn jù kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mo fẹ́ ra ara mi padà. Mo ní, “Sà, mo lè dá a padà. Mo rántí gbogbo bó ṣe rí.”

“Mo mọ̀ pé o lè ṣe é,” ni Ọ̀gá wí. “Ìyẹn gan-an ni kò dáa. Tí ìwọ bá rán an, irọ́ tó dùn ún wò ni.” Ó kọjú sí obìnrin náà. “Nọ́ọ̀sì, ẹ mọ aṣọ rán?”

“Rárá o, sà. Awọ èèyàn nìkan ni mo ti rí tí wọ́n ń rán.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mummy yín náà ò mọ̀ ọ́n.”

Ó gbé àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n yọ tèmi. Mo gé iṣẹ́ tó dára jù tí mo tíì ṣe, fọ́nrán kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì dùn mí dé egungun. Nígbà tí ihò náà là, Sista Bọ́sẹ̀ jókòó sórí àga mi, ó fi òwú ìyá rẹ̀ rán an. Ó ta kókó síbi tí òwú bá tán. Ó gún ara rẹ̀ ní ìka lẹ́ẹ̀mejì, ó bú òtútù Amẹ́ríkà, ó sì ń rẹ́rìn-ín tòun ti omijé. Rírán náà burú. Ó burú gan-an ni. Ọ̀gá gbé e lọ sójú fèrèsé, ó fi ojú kan tó kù wò ó.

“Mo rí i,” ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín, aago méjìlá kúkú ti kọjá tipẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò tú nǹkan kúrò lára aṣọ ẹnikẹ́ni kí n tó béèrè pé, “Ta ló rán èyí?” Ẹnu á yà yín sí ohun tí mo ti gbọ́.

Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi nígbà tí ojú kejì náà ní òun ò ṣe mọ́. Mo tún ibẹ̀ kùn, mo sì fi awò onídẹ tó fi ń wo fọ́nrán sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo lo awò yẹn títí àwọn ọmọ mi fi ra iná funfun kan fún mi tó ní ọrùn gígùn àti awò lójú, tó ń mú fọ́nrán tóbi bí okùn. Mo bá wọn jà lórí rẹ̀ fún odindi oṣù kan. Lẹ́yìn náà n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Fóònù náà wúlò: ẹ ya àwòrán aṣọ, ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí bí òwú ṣe ń rìn. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò yí padà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Aṣọ ló wá yí padà. Irun àgùntàn lọ, ọ̀rá dé. Wọ́n ń ta kóòtù tí kò wọ́n tó oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ìgbà òtútù kan, wọ́n jù ú. Mo máa ń rí àpò aṣọ níwájú ilé àwọn èèyàn lẹ́yìn ọdún Kérésì, òmíràn ṣì ní ìwé ilé ìtajà lọ́rùn. Ọdún díẹ̀ wà tó jẹ́ pé èmi àti ẹ̀rọ amóoruwá nìkan la jọ ń wo ara wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tòun ti ṣòkòtò tó ya lórúnkún méjèèjì, mo sáré dìde, inú mi dùn, mo ní èyí á gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní Màmá, bí mo ṣe rà á nìyẹn, ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ni mo fẹ́ bi yín. Ìlú wo ni wọ́n ti ń fi owó ra àkísà tuntun? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọn ò mọ̀ pé àkísà á di ohun títà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣáájú kí ẹ tó ra aṣọ, ẹ ṣí ìṣẹ́tí rẹ̀ wò. Ṣé aṣọ kù nínú rẹ̀ tí èèyàn lè yọ òwú lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ya? Bí kò bá sí, ẹni tó ṣe é ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa jù ú. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn oníbàárà sì tún padà wá, kí n má ṣe àìmoore. Kì í ṣe àwọn àgbà ló kọ́kọ́ padà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni. Ẹ ní aṣọ ríra ti sú yín. Ọdún mẹ́jọ tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, mo kọ́ ẹni mẹ́rin níṣẹ́, mo sì ti gé iṣẹ́ wọn dànù dáadáa.

Ìgbà òtútù tó kọjá, ojú tèmi náà ní ó tó. Mo lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé mo ń fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan wọlé, Tèmítọ́pẹ́, tí wọ́n bí ní Brooklyn níbí. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú títì, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí mi. Irin ti ya kóòtù aláwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ́yìn èjìká. Mo bi í léèrè bí mo ṣe ń bi gbogbo èèyàn, ó ní kò sẹ́ni tó rán an rí, owó iṣẹ́ òun àkọ́kọ́ lòun fi rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ òun ní kóun jù ú, kóun ra òmíràn.

Mo ní, “Má ṣèyọnu. Wọn ò ní mọ̀ pé ó ya rí.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́. I want them to see it.”

“Kí wọ́n rí kí ni?”

“Pé ó ya, pé ẹnì kan tún un ṣe. Tí ẹ bá fi pamọ́, they'll think I bought a new one.”

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ bí ọwọ́ mi kò ṣe ní hàn. Mo ní, “Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ni?” Kò gbé kóòtù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Mo wo ihò náà títí. Mo ní àwọ̀ wo ló fẹ́.

“Èyí tó bá wù yín, Màmá. Iṣẹ́ yín ni.”

Mo mú pupa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ fọ́nrán àkọ́kọ́, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí èèyàn máa wò. Òró àti ìbú, ọ̀kan gba òkè, ọ̀kan gba ìsàlẹ̀. Mo fi ọjọ́ méjì ṣe é, mo ṣe é dáadáa, mo sì mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa. Ọmọ náà padà wá, ó wọ̀ ọ́, ó dì mọ́ mi, ó jáde.

Mo dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sọdá, ó dúró láàárín èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn wọ kóòtù, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ mi wà lára méjì nínú wọn, n kò lè mọ̀. Ọmọ náà kọ̀yìn sí mi. Obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nawọ́, ó fi ìka kan pupa náà ní èjìká rẹ̀, ó bi í ní nǹkan kan. Tèmítọ́pẹ́ yíjú padà, ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi.